Èsì Tí Sìdíkàt Kọ Lórúkọ Ọkọ Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bá Sìdíkàt Oyèníran wí, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun náà kò ní ṣe ohun tó ṣe. Nígbà tí sítíróòkì kọlu ọkọ rẹ̀ ní oṣù kejì, ó sọ fún gbogbo ayé pé ọkọ òun rìnrìn àjò. Ó sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé ó lọ bójú tó ilé ní Abẹ́òkúta. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra lórí ẹ̀sítéètì. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta gan-an, ó sọ fún ìyẹn pé Scotland ni ibi iṣẹ́ rán an lọ. Ṣé gbangba ni wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn nílé tiwa? Aráyé ò ṣeé finú hàn. Tí ara rẹ̀ bá yá tán, á jáde sí wọn, wọn á kí i káàbọ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Sìdíkàt ṣe nígbà tí bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rojọ́ rẹ̀.

Ohun tí kò rò ni pé àwọn kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ tí irú àṣà bẹ́ẹ̀ ò yé rárá.

Làtíìfù, ọkọ rẹ̀, ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Lewisham, nílùú òyìnbó tí wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn wà nílé, lórí tábìlì kékeré tó wà láàárín fíríìjì àti fèrèsé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbá kó tó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó sọ ní Sopọ̀, ó sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó àti ẹni tó bá fẹ́ bá a tún un ṣe. Línkà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Nígbà tí Sìdíkàt bínú sí tábìlì náà dé góńgó, ọkọ rẹ̀ mú un jókòó, ó ṣàlàyé fún un. Ó ní àwọn tó ń kọ ètò kì í kọ ọ́ ní odidi. Ègé ègé ni wọ́n ń kọ ọ́, bí ìgbà tí télọ̀ gé ara bùbá lọ́tọ̀, tó gé apá lọ́tọ̀, tó gé ọrùn lọ́tọ̀. Línkà ló ń rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tó bá lọ rán apá mọ́ ojú ọrùn, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ ètò náà fún ò ní ṣiṣẹ́, tàbí kó tiẹ̀ ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta kó wá kú lójijì. Ẹ̀rọ kéékèèké ni wọ́n ń lo Sopọ̀ fún: èyí tó ń wọn omi odò, èyí tí ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa ń fi sétí. Ó yé Sìdíkàt, ìbínú rẹ̀ sì rọ̀, àmọ́ kò tún béèrè mọ́.

Àwọn mẹ́rin mìíràn ń bá a tọ́jú Sopọ̀ láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì fojú kan ìkankan nínú wọn rí. Ìwé ni wọ́n ń kọ síra wọn. Obìnrin ará Norway kan tó ń jẹ́ Ingrid ló sún mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n Làtíìfù ni olórí. Ẹ̀dà tuntun kankan ò lè jáde àfi tó bá ki kọ́kọ́rọ́ kékeré kan bọ ara kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, tó fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà yẹn ni gbogbo ayé tó ń lò ó máa tó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ olè.

Sítíróòkì náà bá a níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ó mú apá ọ̀tún lọ, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ lọ. Gbólóhùn kan péré ló kù sí i lẹ́nu: "Bẹ́ẹ̀ ni." Tó bá fẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni. Tí kò bá fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, tó bá di àsìkò ìrun, á ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣi ẹyọ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Sìdíkàt gbọ́ ọ, ó ké "Alhamdulillah", ó rò pé ó ti parí. Àmọ́ obìnrin tí ọsibítù ní kó máa kọ́ ọ lọ́rọ̀ sọ fún un pé ohun tí ẹnu ti há sórí láti kékeré, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń gbé nínú ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn fẹ́ dá sọ, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

Ẹ wò ó, iṣẹ́ tí Sìdíkàt ń ṣe gan-an nìyí. Ilé dé ilé ló ń lọ ní East Dulwich, ó ń wẹ arúgbó, ó ń gbé ẹni tí apá kan ara rẹ̀ kú dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nílé àwọn yẹn, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀: ó jẹun, kò jẹun, ó sunkún láti aago mẹ́wàá dé mọ́kànlá. Nílé tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń fi pamọ́.

Ní oṣù kẹta, kọ̀ǹpútà orí tábìlì náà ò yéé dún. Ó ṣí i. Ingrid ló kọ̀wé: oṣù kan rèé tí a ò gbúròó rẹ, Làtíìfù, ṣé àlàáfíà ni? Sìdíkàt ronú pé tí òun bá dákẹ́, wọ́n á fi ẹlòmíràn jókòó sórí àga ọkọ òun. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, lórúkọ ọkọ rẹ̀: Mo wà dáadáa. Mo rìnrìn àjò lọ sí Nàìjíríà. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé. Inú rẹ̀ dùn pé òun dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni. Ní oṣù kẹrin, Ingrid tún kọ̀wé, èyí gùn. Ó ní Daniel, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń bá wọn tún Sopọ̀ ṣe láti ìta, ti tún gbé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ yẹn wá, èyí tó máa mú kí Sopọ̀ yá ní ìlọ́po méjì. Ó ní ọdún méjì rèé tí Làtíìfù ti ń sọ pé rárá, kò sì tíì sọ ìdí rẹ̀. Kí ló wí báyìí? Sìdíkàt kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó yé e ni pé ọmọ ọlọ́mọ kan ń bẹ̀bẹ̀, ọkọ òun ni kò gbà. Ọkọ òun, tí òun ń tọrọ àánú Ọlọ́run fún tọ̀sán-tòru! Ó kọ ọ́ pé: Kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín. Ó wọ bàtà, ó lọ síṣẹ́.

Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, fífọ́ ni.

Ọjọ́ kejì, obìnrin tó ń kọ́ Làtíìfù lọ́rọ̀ ní kí wọ́n gbé nǹkan tó fẹ́ràn síwájú rẹ̀. Sìdíkàt fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í dé ìdí tábìlì, ó ṣí Sopọ̀ fún un. Ẹ̀yin èèyàn, ojú ọkùnrin náà là. Ìwé ìròyìn ti di jágbajàgba lójú rẹ̀ láti ọsibítù, àmọ́ èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ òsì yí i sókè, ó ń yí i sísàlẹ̀, ó ń dúró níbi kan, ó ń mi orí. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún tí Sìdíkàt fi jowú tábìlì yẹn, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibí yìí ni ọkọ òun kù sí. Ọ̀rọ̀ ti lọ, àmọ́ èyí ṣì wà.

Làtíìfù tún ohun kan ṣe, bíńtín. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó fẹ́ kó wọ inú Sopọ̀ lọ, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ọwọ́ òsì náà sókè, ó ń wò ó síwá sẹ́yìn, bíi pé ọwọ́ náà ló ṣẹ òun.

Ọjọ́ Sátidé ni Yusrah wá kí wọn láti Elephant and Castle. Òun nìkan lọmọ wọn, ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà kó lè mọ ìdí tó fi ń kọ̀. Kò pẹ́ tó fi yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mummy, ta ló ń reply ímeèlì Daddy?"

"Ímeèlì wo?"

"Mummy, please. 'God will be with you.' Daddy kì í kọ irú ẹ̀ sí àwọn people yìí. Two words, max. 'Not yet.' That's it."

"Ṣé ó burú kéèyàn ṣàdúrà féèyàn ni?"

"Wọ́n rò pé wọ́n ti hack Daddy! Two years ló ti ń sọ no fún thing yìí, ó wá kàn sọ yes, kò sign ẹ̀, kò sọ nothing. Wọ́n ti lock account ẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ti steal identity ẹ̀."

Sìdíkàt jókòó sórí àga. "Èmi ni mo kọ ọ́."

"Why didn't you just tell them pé Daddy ò well?"

"Kí n sọ fún ẹni tí mi ò rí rí pé ọkọ mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́? Kí wọ́n lè gba ipò ẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́?"

"Mummy." Yusrah rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀ ń wò wọ́n. "Wọ́n ti gbà á."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Yusrah kọ òtítọ́ ránṣẹ́. Èsì tó wá kò le, kò sì rọ̀. Wọ́n ní inú àwọn bàjẹ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tí olè máa pa náà nìyẹn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀tàn gba irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn. Oṣù tó kọjá ẹ ní ó wà ní Nàìjíríà, ẹ wá ní ó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ingrid nìkan ló ní ojú Làtíìfù gan-an lòun fẹ́ rí.

Wọ́n fi í sí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Sìdíkàt fá irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀, ó wọ jalabíà funfun fún un, ó nu ẹnu rẹ̀. Nígbà tí Ingrid yọ lójú kọ̀ǹpútà, irun rẹ̀ ti funfun ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ó rí Làtíìfù, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Bá mi sọ nǹkan kan, Làtíìfù," ni Ingrid wí. "Ohunkóhun tí àwa méjèèjì nìkan mọ̀. Àwọn tó kù máa wo ohun tí a gbà sílẹ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Làtíìfù wí. Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó sì dijú. Ó tún gbìyànjú. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà. Àsìkò ìrun kọ́, ohun tó lè sọ dé òpin nìyẹn, ó sì fẹ́ kí obìnrin yìí gbọ́ ohùn òun. Ingrid fetí sílẹ̀ títí ó fi parí, kò mọ ohun tó jẹ́, ó ní "O ṣé." Ojú ti Sìdíkàt débi pé kò lè gbórí sókè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò mọ ẹni tí ojú ń tì í fún.

Ingrid ní ọ̀nà kan ṣì kù. Tí Làtíìfù bá lè fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí gbólóhùn kan péré, kò sẹ́ni tó lè jiyàn mọ́. Yusrah ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni, orí Làtíìfù nìkan ló wà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sì lè ṣì í. Tó bá di ẹ̀kẹta, kọ́kọ́rọ́ á tì títí ayé.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Ó mí kanlẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó ń fojú wá nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kí ìka tó dé ibẹ̀. Kò wọlé.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi," ni Ingrid sọ. "Ọjọ́ mìíràn ń bẹ."

Sìdíkàt di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá Yusrah, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Làtíìfù wí, ó sì ń fa ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Èwo ló ń wí? Ṣé ó gbà ni, àbí ó ní kó fi òun sílẹ̀? Àwọn arúgbó East Dulwich, Sìdíkàt mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó yanu. Ọkọ tó fẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, kò mọ̀. Ó ronú pé òun ti fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí kò sọ lẹ́ẹ̀kan, òun ò tún ní fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí kò fẹ́. Ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀. Làtíìfù tẹ nọ́ńbà mẹ́jẹẹ̀jọ, kọ́kọ́rọ́ náà sì tì.

Ingrid jẹ́rìí fún un lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Wọ́n gbà pé Làtíìfù ni, wọ́n gbà pé kò sólè kankan. Àmọ́ wọ́n ní ìlànà ni ìlànà. Ẹni tí kò lè sọ ohun tó fẹ́ ṣe àti ìdí tó fi fẹ́ ṣe é, wọn ò lè fi ilẹ̀kùn Sopọ̀ sí i níkàáwọ́. Wọ́n ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, wọ́n fi sọ́wọ́ Ingrid. Wọ́n kọ orúkọ Làtíìfù sókè pátápátá gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tó ṣe é fún gbogbo àwọn tó ń lo Sopọ̀. Lẹ́tà wá bí òjò. Ẹnì kan ní ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni òun fi ń gbọ́ ohùn ọmọ òun. Ẹnì kan ní kò lè sí irú rẹ̀ mọ́. Yusrah ń kà á fún bàbá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ìyá rẹ̀ fi pariwo láti ìdí síìnkì.

"Ó tó! Ohun tí wọ́n ń sọ nídìí sàréè nìyẹn. Ṣé wọn ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ ni?"

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn náà kò ní kó má ka Sopọ̀ ṣá. Ẹnikẹ́ni ló lè ka Sopọ̀, kíkọ síbẹ̀ ni wọ́n dí mọ́ ọn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ Daniel síta fún gbogbo èèyàn láti yẹ̀ wò, Làtíìfù náà yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn máa gbé e wọlé. Òwúrọ̀ mẹ́ta ló fi kà á láti orí dé ìdí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá tábìlì débi tí ife tíì dànù.

Sìdíkàt sáré dé. Ìka ọkọ rẹ̀ wà lórí ìlà kan, ìlà 412. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wojú ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ìlà yìí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé kò dáa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi ìka tirẹ̀ sí ìlà tó wà lókè kó lè dá a lójú. "Ìyí náà ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ẹnu Làtíìfù wí, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ wálẹ̀ sórí 412, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ títí ó fi dùn ún. Sìdíkàt wo ìlà náà. Lẹ́tà mélòó kan, àkámọ́ méjì, nọ́ńbà kan. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ ara rẹ̀ ló fi kọ̀wé. Èmi Sìdíkàt, ìyàwó Làtíìfù. Ọkọ mi ní ìlà 412 kò dáa. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé e wọlé.

Kò tó wákàtí kan tí Ingrid fi fèsì. Ó ní àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wò ó, Daniel náà sì ti wò ó. Wọ́n dán an wò ní ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, ó yege. Àwọn ò rí àléébù kankan. Ṣùgbọ́n nítorí pé Làtíìfù ni, wọ́n á dúró dè é títí aago méjì ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ bá wa bi í léèrè, kí ló ṣe ìlà náà?

Sìdíkàt yí kọ̀ǹpútà sí i, ó ka ìbéèrè náà sí i létí. Ó rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Làtíìfù yanu. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ètè rẹ̀ ń wá nǹkan kiri, Sìdíkàt sì gbé bírò dání.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ohun tó jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Sìdíkàt tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ó fún un ní bírò, ọwọ́ òsì ya ìlà wọ́gọwọ̀gọ. Ó tẹ́ káàdì alàwòrán tí ọsibítù fún wọn síwájú rẹ̀: ife omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, ojú ẹni tí ara ń ro. Làtíìfù fọwọ́ gbá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Sìdíkàt bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n, ó sì rò ó nílẹ̀ níbẹ̀ pé òun lè hùmọ̀ ìdí kan. Òun lè kọ ọ́ pé ó ní kò ní yá tó bẹ́ẹ̀, tàbí pé ó ní yóò ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ó dìde, ó to káàdì sórí tábìlì, kò kọ ọ́.

Ní aago kan ààbọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Ingrid kọ̀wé. Ṣé ó ti sọ nǹkan kan?

Sìdíkàt fi ìka méjì tẹ èsì rẹ̀: Ó mọ̀ ọ́n. Kò lè sọ ọ́.

Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí aago méjì kọjá díẹ̀, iṣẹ́ Daniel wọlé, gbogbo ìlà rẹ̀ yí padà lójú kọ̀ǹpútà sí àwọ̀ ewé tó ń fi hàn pé wọ́n ti gbà á, 412 náà yí padà pẹ̀lú wọn. Ìka Làtíìfù ṣì wà lórí rẹ̀. Sìdíkàt dúró tì í, kò sì ní kó gbé e kúrò.